Orúkọ Tó Bọ́ Lẹ́nu Mi Ní Tẹlifíṣọ̀n

Àtìnì, 2 Fẹ́búárì 1981

Alhaja Sùlíyá, olórin wákà tí gbogbo Agége mọ̀, wá sílé wa lónìí. Wọ́n pè wọ́n sí tẹlifíṣọ̀n ní Ìkẹjà, kí wọ́n wá ṣe àlejò lórí ètò ọjọ́ Sátidé. Ọ̀kan nínú àwọn elégbè wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ohùn mi níbi tí mo ti ń fọṣọ, èmi làwọn fẹ́. Èmi! Èmi tí mi ò lè wo ojú èèyàn tí mo bá ń kí i.

Ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó oṣù mẹ́ta? Kí ló ń wá lórí tẹlifíṣọ̀n?"

Mo wọ yàrá. Mo sunkún díẹ̀.

Níta, Màmá ni mò ń pè wọ́n. Nínú ìwé yìí, Ṣọ́jà ni. Wọ́n á jí wa kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á yẹ ìkòkò wò, wọ́n á yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Ìjọba ṣọ́jà ti kógbá wọlé, tèmi ṣì wà lórí oyè.

Àtàláátà, 3

Adú bẹ̀ wọ́n. (Ọkọ mi ni. Ìwé márùn-ún tí mo kà ò ní kí n kọ orúkọ ọkọ sílẹ̀.) Ó ti ilé iṣẹ́ ike dé, kò tíì wẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ṣọ́jà ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré. Tó bá dójú tì mí, kò gbọdọ̀ kọrin mọ́ nínú ilé yìí, ì báà jẹ́ ní balùwẹ̀."

Àlàmísì, 5

A ti lọ, a ti bọ̀. Iná wọn gbóná! Bọ̀dá kan tó so táì ń pè wá ní "àwọn àlejò wa pàtàkì". Ó ní wọ́n kàn ń gba orin wa sílẹ̀ ni, Sátidé ni wọ́n máa gbé e jáde.

Àfi bí Alhaja ṣe tì mí síwájú — "Ìyàwó, kí àwọn ará ilé ọkọ ẹ!"

Ìyẹn ò le. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, nítorí náà mo ti fún kálukú lórúkọ tèmi lọ́jọ́ tí mo wọlé. Mo kí Akọ̀wé, àbúrò ọkọ mi. Mo kí Eyínfúnjowó, àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ohùn mi là. Inú mi dùn. Mo ní kí n kí Màmá —

Màmá Ṣọ́jà ló jáde.

Àwọn elégbè gbè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta!

Mo bẹ bọ̀dá onítáì kó yọ ọ́ kúrò. Ó ní, "Há, ìyàwó, ibẹ̀ ló dùn jù."

Jímọ̀, 6

Ṣọ́jà ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, wọ́n ń pe àwọn èèyàn wá wòran lọ́la.

Sátidé, 7

Ilé kún. Akọ̀wé gbọ́ tiẹ̀, ó pariwo. Eyínfúnjowó ń fò sókè. Lẹ́yìn náà, ó dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ìyá Felix, ayálégbé wa, fọwọ́ bo ẹnu. Mo ti kúnlẹ̀.

Ṣọ́jà ní, "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ní kí wọ́n foríjì mí.

"Ṣé àforíjì ni mo bi ẹ́? Ta ni?"

"Ẹ̀yin ni, Mà."

Wọ́n ní, "Ọlọ́pàá ni mo ń pe ìyá ọkọ tèmi. Ọdún mẹ́rìnlá. Inú mi ni mo ti ń pè é títí wọ́n fi kú." Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n tilẹ̀kùn.

Kò sẹ́ni tó mọ ibi tọ́rọ̀ já sí. Adú náà ò mọ̀.

Sọ́ńdè, 8

Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Gbà, gbà, gbà lára ilẹ̀kùn wa.

"Ìyàwó! Ṣọ́jà ló dé. Dìde. Alhaja ní ẹ máa dán orin wò láago mẹ́wàá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ọmọ Ṣọ́jà ló pẹ́ dé."