Pẹ́pẹ́yẹ Mi Kì í Ṣe Ìdọ̀tí

Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo lu pẹ́pẹ́yẹ oníbátìrì yẹn lánàá, ògiri jó, àwọn òkú jí dìde, wọ́n ní kí n tún un lù.

Pẹ́pẹ́yẹ ọ̀hún lẹ gbá dànù láàárọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ yín ti sú mi. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fi bó: ohun ìṣeré tí wáyà rẹ̀ bá yọ síta kì í ṣe ìdọ̀tí. Èmi ni mo tú u, kí n lè so wáyà rẹ̀ gbòdì, kí ohùn rẹ̀ di orin. Ọ̀sán yìí gan-an ni mo fẹ́ lù ú fáwọn èèyàn ní gbọ̀ngàn. Kí ni kí n wá gbé lọ, abọ́?

Ẹ má fọwọ́ kan irin tí mo fi ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà, ó ṣì gbóná.

Tọ́mọ yín bá jí, tó ń wá bèbí rẹ̀, ẹ ní ó ń sùn lábẹ́ aṣọ. Kó má ṣí i wò. Mi ò fọwọ́ kàn án, mo fi irun orí mi búra.

Ó ti ń ké “Mọ́mì” nínú àpò mi báyìí, bíi màlúù tí wọ́n tẹ̀ nírù. Ẹ sì ti ń dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé pé, “Mò ń bọ̀, ọmọ mi, ta ló lù ọ́?”

Fèrèsé ni mo gbà.