Màmá, Kì í Ṣe Aṣọ Yín Ló Ń Mú Un Gbóná

Màmá mi àtàtà,

Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí yín. Nọ́ńbà kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, tó ń sọ bí ọpọlọ ẹ̀rọ náà ṣe gbóná tó. Quarante-sept, mẹ́tàdínláàádọ́ta, ló wà báyìí. Kò burú rárá. Síbẹ̀ n kò lè kọ ìlà méjì kí n má wò ó. Quarante-huit, ó ti fi ẹyọ kan lé. Ṣé ẹ rí i? Ojú mi ò gbé ibì kan.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí Àǹtí Fẹ̀lí, àbúrò yín, wá kí wa ní àdúgbò wa ní Siporex láti ilé rẹ̀ ní Biétry? Mo wà nínú yàrá, mò ń tẹ mémoire, ìwé àṣekágbá, ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì. Ọ̀sán ni, oòrùn ń jó páànù. Lójijì, kọ̀ǹpútà kú. Gbogbo ohun tí mo ti tẹ̀ láti àárọ̀ lọ sí i, nítorí n kò tíì fi í pamọ́. Ìgbà kẹta lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí aṣọ funfun tí ẹ fi òwú hun, èyí tí ẹ máa ń fi bò ó nígbàkigbà tí mo bá pa á, kí eruku títì má baà wọ̀ ọ́. Ó ti yọ̀ bọ́ sẹ́yìn. Èmi fúnra mi ni mo tì í sẹ́yìn láàárọ̀ nígbà tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́, àmọ́ n kò ro ìyẹn. Mo fà á yọ, mo jáde sí pálọ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́! Aṣọ yín yìí ló ń mú un gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Níwájú àbúrò yín ni o. Ohùn mi á ti dé ilé kejì.

"Ó dáa," lẹ wí. Ẹ gba aṣọ náà, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, ẹ gbé e lé itan.

Láti ọjọ́ yẹn ẹ ò wọ yàrá mi mọ́. Tí oúnjẹ bá délẹ̀, ẹnu ọ̀nà lẹ ti ń pè mí. Bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ máa ń wọlé wá, ẹ ó dúró lẹ́yìn mi, ẹ ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná, ẹ ó ní, "Ṣé kò yẹ kó sinmi díẹ̀?" Mo rí i pé ẹ ò wá mọ́. Mo rí i dáadáa, Màmá. Mò ń sọ fún ara mi pé tí mo bá parí iṣẹ́ ọwọ́ mi, n ó bẹ̀ yín. Iṣẹ́ ò parí. Òjò bẹ̀rẹ̀, àìsàn dé, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ lò ní ọsibítù kí ẹ tó fi wá sílẹ̀. Kí ló dé tí n kò sọ ọ́ nígbà tí mò ń fi omi nu ọwọ́ yín?

Kò sí aṣọ kankan lórí kọ̀ǹpútà mọ́ láti ọjọ́ tí mo pariwo yẹn, àmọ́ ẹ̀rọ náà kò yéé kú. Mo wá ètò kan tó ń ka ìgbóná rẹ̀, mo fi sí i, ó sì di iṣẹ́ kejì fún mi. Mo tẹ ìlà kan, mo wò ó: soixante-huit, méjìdínláàádọ́rin. Mo ṣí fèrèsé. Soixante-seize, mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mo gbé ventilo, fáànù ńlá inú yàrá, kọjú sí i, èmi ń làágùn. Quatre-vingt-quatre, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ó kú. Bí mo bá ń fọ abọ́, nọ́ńbà yẹn ni mò ń rò. Mo ti mọ̀ nínú ara mi pé aṣọ yín kọ́. N kò fẹ́ gbà ni.

Ní Sátidé, mo pe Kọ́lá, ọkùnrin Èjìgbò kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ọjà. Ó tú u. Eruku ti dì bí òwú sábẹ́ fáànù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọpọlọ rẹ̀. Fáànù náà ò lè yí dáadáa mọ́.

"Tantie, ẹ wo eruku! Ṣé ẹ kì í bò ó tí ẹ bá pa á ni?"

"Màmá mi máa ń bò ó," mo dá a lóhùn. "Èmi ni mo ní kí wọ́n má bò ó mọ́."

"Há! Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, ì bá ti bàjẹ́ tipẹ́."

Ó gbọn eruku náà dànù, ó pààrọ̀ fáànù.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí Biétry. Mo fẹ́ kí Àǹtí bá mi wí. Mo kúnlẹ̀, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Aṣọ wo?" ó bi mí. "Ìwọ? O pariwo mọ́ ìyá rẹ? N ò rántí o. Ohun tí mo rántí lọ́jọ́ yẹn ni pé a jẹ attiéké, a sì rẹ́rìn-ín títí."

Ó fà mí dìde, ó ní kí n wá jẹun. Mo tọ́ ọ wò díẹ̀, mo jáde. Mo rìn dé etí ọ̀sà, mo padà, mo tún lọ, kí n tó wá bọ́ọ̀sì wọ̀.

Màmá, ṣé òótọ́ ni pé ẹ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí mo padà sí yàrá? Àbí Àǹtí kàn ń tù mí nínú? Ṣé ẹ̀yin náà ti gbàgbé ni? Bí ẹ bá ti gbàgbé, a jẹ́ pé èmi nìkan ló kù tó mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí rẹ̀, kí ẹ lè forí jì mí.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe fi hàn lọ.