Ẹni Tó Wà Nínú Adúródè

Ọ̀pẹlẹńgẹ́, àbúrò mi, ó pé ọdún mẹ́rin lónìí tí o ti fi wá sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin! Èmi tí wọ́n bí ọ lé, èmi tí mo pọ̀n ọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ gígùn fi fẹ́ẹ̀ máa wọ́lẹ̀, èmi ni mo wá ń kọ ìrántí rẹ. Kò yẹ kó rí báyìí. Ìwọ ló yẹ kí o máa kọ tèmi, kí o sì fi àwàdà há a láàrin, kí àwọn èèyàn máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti sunkún.

Ara mi ò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Mo ti tú etí aṣọ kan tí kò sí ohun tó ṣe é, mo sì ti rán an padà. Yàrá ìmúra tó wà lẹ́yìn sítúdíò rẹ ni mo wà. Orí fóòmù Adúródè, róbọ́ọ̀tì inú eré orí tẹlifíṣọ̀n rẹ, wà lórí itan mi, ìwé tí mò ń kọ yìí sì wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n máa tó pè mí, nítorí òní náà ni wọ́n fẹ́ ya ìran tó kẹ́yìn nínú eré rẹ. Olùdarí ló mú ọjọ́, kò mọ̀ pé ọjọ́ rẹ ni. Nígbà tí ìyàwó rẹ sọ fún un, ó bẹ̀ wá, ó ní ká sún un síwájú. Èmi ni mo ní kó má sún un. Ta ló rán mi níṣẹ́? Ẹnu mi yìí ṣáà ni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn ilé. Ìyàwó rẹ ti parí ilé. Mo ní ó ti parí ẹ̀! Ó kan páànù sí yàrá ẹ̀yìn méjèèjì, ó gbé ilẹ̀kùn sí wọn, ó sì kun gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tí o fẹ́, èyí tí gbogbo wa tìtorí ẹ̀ bá ọ jà. A sọ nígbà náà pé kò ní dára. Kò dára lóòótọ́. Bí èèyàn bá ti yọ ní ìkòríta báyìí, ilé yẹn ló máa kọ́kọ́ gbá a lójú. Ṣùgbọ́n a ti kùn ún, kò sì sẹ́ni tó máa fi ọ̀dà mìíràn kan án níṣojú mi.

Ọmọ rẹ ọkùnrin ti ń fi abẹ fá irùngbọ̀n tí kò tíì hù. Àkọ́bí rẹ obìnrin ńkọ́? Háà, Ọ̀pẹlẹńgẹ́! Ọmọ yẹn ga! Ó ń tẹ orí ba kó tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jáde ilé ìwé, ó ní eré yìí ni òun fẹ́ fi ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ pariwo, èmi náà pariwo, ó kàn dúró ó ń wò wá bí ìwọ ṣe máa ń wò wá, títí ariwo fi tán lẹ́nu wa.

Sítúdíò kò jò mọ́. Inú ilé tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí tẹ́lẹ̀ la ṣì wà, tí o fi ọ̀dà dúdú kun ògiri rẹ̀, tí o wá dá ihò sí i lára kí gílóòbù lè máa yọ jáde bí ìràwọ̀. Ṣé o rántí ọjọ́ tí òjò já lé wa lórí nígbà tí a ń ya eré lọ́wọ́? Òjò, láàrin ìràwọ̀! Gbogbo wa ti ń kó ẹrù, àfi ìwọ tó ní kí wọ́n má pa kámẹ́rà. Ojú ẹsẹ̀ lo kọ ọ́ sínú eré pé ọ̀pá omi ọkọ̀ ti bẹ́. A ti tún páànù ṣe. Òórùn ẹja nìkan ló kọ̀ tí kò lọ. Bí oòrùn bá mú gan-an, àwọn òṣèré á máa di imú láàrin ọ̀run.

Àwọn tó bá ka ìrántí yìí tí wọn kò wo eré rẹ rí, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ. Eré àtìgbàdégbà orí tẹlifíṣọ̀n ni, ìwọ lo kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, o sì sọ ọ́ ní Ọkọ̀ Aláìgúnlẹ̀. Ọkọ̀ kan ń rìn láàrin ìràwọ̀, ó ń wá ayé mìíràn tí èèyàn lè gbé. Àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ti kú tán, àwọn ọmọ ọmọ wọn ló kù nínú rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ wà níbẹ̀, obìnrin kan tí kì í jókòó láéláé. Ọmọdébìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń gbé yẹ̀pẹ̀ kiri nínú agolo mílíìkì, yẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Adúródè sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Róbọ́ọ̀tì ni. Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn kan jáde láti ẹnu ọ̀nà yẹn lọ tún nǹkan ṣe níta ọkọ̀, wọn kò padà. Gbogbo èèyàn ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, Adúródè kọ̀. Ó ní àwọn èèyàn òun ń bọ̀. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ti gbàgbé orúkọ àwọn tó jáde náà, òun ṣì dúró.

Ẹjọ́ tí àwọn èèyàn ń rò lórí eré yìí, kò mọ níwọ̀n! Onígbàjámọ̀ òdìkejì títì ní gbogbo aláṣẹ ayé ni ọ̀gá ọkọ̀ yẹn, pé kò lè jókòó torí bó bá fi lè dìde lórí àga báyìí, ẹlòmíràn ti jókòó síbẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa bá a jiyàn pẹ̀lú ìdajì orí tí wọ́n ti fá. Ìyàwó rẹ ní yẹ̀pẹ̀ inú agolo yẹn ni ilé, ilé tí èèyàn kò mọ̀ tó sì fẹ́ràn. Olùkọ́ fásitì kan wá sórí rédíò, ó sọ̀rọ̀ lórí apá òsì Adúródè tó kúrú ju tọ̀tún lọ. Ó ní ohun tí o ń sọ ni pé ọwọ́ àná kò lè tó ọ̀la. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó fẹ́ẹ̀ pa mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n èmi tí mo gé apá yẹn, ẹ̀rín ni mò ń rín. Ọwọ́ àná wo? Ìwọ ni o kò lè dúró jẹ́ẹ́! Mo ní kí o na apá kí n fi téèpù wọ̀n ọ́n, o ká igbọ̀nwọ́, o di ife tíì mú, o ń sọ ìtàn fún mi. Igbọ̀nwọ́ kíká ni mo wọ̀n, bí fóòmù ṣe kúrú nìyẹn. Nígbà tí mo fẹ́ tú u, o dì mọ́ ọn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba nǹkan ìṣeré lọ́wọ́ rẹ̀. O ní ilẹ̀kùn tí Adúródè ń dì mú láti ọjọ́ yìí ló jẹ ẹ́ lápá.

Bí mo bá bi ọ́ léèrè pé kí ni Adúródè túmọ̀ sí gan-an, wàá ní kí n jẹ́ kí o jẹun. O sọ fún olùdarí pé ẹ̀rù ni. O sọ fún ìyàwó rẹ pé bàbá ni. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni o dá mi lóhùn. O ní èmi ni, èmi tí mo máa ń dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn títí wàá fi dé láti ibi iṣẹ́, lẹ́yìn tí àwọn òbí wa ti kú. Mo pòṣé, mo ní kí o gbé àwo rẹ kúrò nílẹ̀.

Ohun tí àwọn òǹwòran kò mọ̀ ni pé ìwọ alára lo wà nínú Adúródè. O kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ síbẹ̀. O ní àwọn ọmọdé tó ń ṣeré pẹ̀lú wa gbà pé èèyàn gidi ni Adúródè, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ rí i láìlórí. Torí náà ni mo ṣe máa ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán orí mọ́ ọrùn fún ọ kí o tó jáde, nínú yàrá yìí, kí ó má baà mì. Mo ń rán, o ń sọ̀rọ̀ nínú ibẹ̀. Ẹnu rẹ kì í sinmi.

Nígbà tí o lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Àìsàn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó parí. A sin ọ́, eré sì ń bá a lọ, Adúródè dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí ìgbà tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àkọ́bí rẹ ló wọ inú rẹ̀. Gíga yín dọ́gba, mi ò ní láti tún nǹkan kan gé. Mo rán orí mọ́ ọn lọ́rùn. Bí mo ṣe ń rán an, ẹnu mi là, mo ní Ọ̀pẹlẹńgẹ́, ṣé kò fún ọ lọ́rùn jù?

Ọlọ́run ló mọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, mi ò dákẹ́ mọ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń rán ọrùn yẹn ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Mo sọ fún ọ pé ẹsẹ̀ ń ro mí. Mo sọ fún ọ pé ìyàwó rẹ fẹ́ kun ilé. Mo bú ọ nígbà tí inú bá bí mi. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í dáhùn, èmi náà kò sì fẹ́ kó dáhùn. Aṣọ náà dìde, ó rìn bí o ṣe ń rìn, ó ta gẹ̀ẹ̀gẹ́ lórí ẹsẹ̀ gígùn yẹn. Kí ni mo tún ń wá? O wà níbẹ̀. Lójú tèmi, o wà níbẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá dé. Wọ́n ní eré gbọ́dọ̀ parí, wọ́n sì ní kò lè parí láìjẹ́ pé Adúródè ṣí orí kúrò, kí ayé rí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ti rí ayé tuntun, wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Olùdarí gbà. Ìyàwó rẹ gbà. Àkọ́bí rẹ náà gbà, ó ní ó ti tó àkókò. Èmi nìkan ni mo ní rárá. Mo ní orí yìí kò ní ṣí! Wọ́n ní kí ló dé? Mo ní òfin rẹ ni. Irọ́ ni, kì í ṣe torí òfin rẹ. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé bí orí yẹn bá ṣí, ojú ẹlòmíràn ni màá rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tó gbà, nígbà tí ìyàwó rẹ wá jókòó tì mí, tó ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Àmọ́ mo ti ń wo fèrèsé yìí láti àárọ̀, ó fẹ̀ tó ẹni tó fẹ́ gbé orí fóòmù sá lọ.

Wọ́n ti ń pè mí. Mo ń bọ̀ o! Mo ní mo ń bọ̀!

Mo ti padà dé, àbúrò mi. Jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá.

Mo rán orí mọ́ ọn bí ìṣe mi. Ó jáde. Ọmọ oníyẹ̀pẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó bi í pé ta ló ń dúró dè. Adúródè kúnlẹ̀. Ibẹ̀ ni olùdarí ti ní kí wọ́n dá kámẹ́rà dúró, kí n wá gé òwú ọrùn, kí orí lè ṣí nígbà tí wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀. Mo mú sísọ́ọ̀sì. Mo dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Mo tẹ ẹnu mọ́ ọrùn fóòmù yẹn, mo ní, Ọ̀pẹlẹńgẹ́, jọ̀ọ́, má tíì lọ.

Ohùn kan sì dáhùn láti inú rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Ohùn náà ní, “Màmá, èmi ni o. Èmi ni mo wà níbí.”

Ó ti ń gbọ́ mi, Ọ̀pẹlẹńgẹ́! Ní gbogbo ọdún mẹ́rin yìí, gbogbo ohun tí mò ń sọ fún ọ, ọmọ rẹ ló ń gbọ́ ọ. Ó dákẹ́ sínú ooru yẹn kí n lè rí ọ bá sọ̀rọ̀, òun tí òun náà ń wá bàbá rẹ̀! Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá yìí rí. Èmi ni mi ò bá a sọ̀rọ̀.

Mo gé òwú náà. Wọ́n ya ìran wọn, orí ṣí, mo sì wo ojú ọmọ náà. Òógùn bò ó, omijé wà nínú òógùn. Kò jọ ọ́ tó bí mo ṣe rò. Imú ìyá rẹ̀ ló gbé. Nígbà tí wọ́n ní ó tó, mo mú aṣọ, mo nu ojú rẹ̀, mo fi orúkọ rẹ̀ pè é, mo bi í bóyá ebi ń pa á. Ó ní ebi ń pa òun gan-an.

O kò sí nínú rẹ̀, àbúrò mi. O ti kú. Mi ò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ rí, òní ni mo kọ ọ́. A ń wá ọ nínú ilé aláwọ̀ ewé yẹn, a ń wá ọ nídìí oúnjẹ, a ò rí ọ, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ kò dín lọ́kàn wa, kò sì ní dín. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ ń dúró dè mí níta. Jẹ́ kí n lọ bá a jẹun.