Ohùn Bàbá Àgbà Tó Bá Jailbreak Lọ

Èmi ni mo pa ohùn bàbá àgbà mi rẹ́ nínú fóònù bàbá mi, bàbá mi ò sì tíì mọ̀. Admin ojú ìwé yìí, ẹ má fi orúkọ mi síta o, Ìlọrin ò tóbi tó bí ẹ ṣe rò... ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Bàbá àgbà ní ilé kéwú kan ní Òkè-Oyì. Nígbà tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè wá sílé wa mọ́, wọ́n máa ń pe bàbá mi lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n á túmọ̀ kéwú, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ ẹbí. Bàbá mi ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn ṣòfò, ṣùgbọ́n iPhone àtijọ́ tí wọ́n ń lò kì í gba ohùn ìpè sílẹ̀. Èmi olóye ilé, mo bá jailbreak ẹ̀... ìyẹn ni pé mo tú ìjánu tí àwọn tó ṣe é fi sí i, kí n lè fi app tó ń gba ohùn sílẹ̀ sínú ẹ̀. Mi ò sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é. Wọ́n rò pé mo kàn tẹ nǹkan kan ni, wọ́n ṣàdúà fún mi títí.

Kí Bàbá àgbà tó kú, wọ́n sọ nínú ọ̀kan nínú ìpè yẹn pé bàbá mi ni kó máa bójú tó ilé kéwú lẹ́yìn àwọn. Mo gbọ́ ọ, torí èmi ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó wọlé. Nígbà tí bàbá mi sọ ọ́ fún ẹbí lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n wọn ní irọ́ ni. Bàbá mi ò bá wọn jà, wọ́n ní a kì í fi ohùn òkú jà nígbà tí erùpẹ̀ sàréè ṣì tutù, pé lọ́jọ́ àdúà ọdún kan ni gbogbo ẹbí máa gbọ́ ọ. Látìgbà náà wọn ò ṣí i rárá, wọ́n ní ẹkún ló máa pa àwọn.

Oṣù tó kọjá, app báǹkì wọn ò ṣí mọ́, ó ní wọ́n ti tú ìjánu fóònù náà. Bàbá mi ní àwọn ń gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ fóònù ní Táíwò Road. Àyà mi já, torí oníṣẹ́ yẹn á tú àṣírí mi. Nígbà tí wọ́n lọ kírun Jímọ̀, mo so ó mọ́ laptop, mo ṣe backup, ìyẹn ni pé mo kó ẹ̀dà ẹrù inú ẹ̀ pamọ́, mo restore ẹ̀ padà sí bó ṣe wà nígbà tó jáde nínú páálí, mo dá ẹrù rẹ̀ padà. Fọ́tò pé. Nọ́ńbà pé. App báǹkì ṣí. Inú mi dùn àfi ìgbà tí mo wá ohùn Bàbá àgbà tí mi ò rí i. Ibi tí app yẹn ń kó o sí, backup kì í débẹ̀... ẹ̀yìn ìgbà tó bàjẹ́ tán ni mo tó mọ̀. Ta ni mo bi kí n tó ṣe é? Ṣé mo bi ẹnikẹ́ni? Ọmọ tó gbọ́n lójú ara rẹ̀ ni mí.

Sunday tó ń bọ̀ ni àdúà ọdún kan. Bàbá mi ti ní kí n lọ yá ẹ̀rọ agbóhùnsókè.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní AI wà tó lè sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti kú. Voice note kan tí Bàbá àgbà fi kí mi lọ́jọ́ ìtúnu-àwẹ̀ ṣì wà lórí WhatsApp mi, ó ní ìyẹn tó. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá àgbà sọ gan-an ni màá fi sí i, mi ò ní fi ẹyọ kan kún un... ṣé irọ́ nìyẹn? Wàláhì, mi ò mọ̀ mọ́. Bí mo bá jẹ́wọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi á ní èmi àti bàbá mi la jọ gbìmọ̀. Bí mo bá dákẹ́, bàbá mi á tẹ fóònù láàárín ẹbí, kò ní dún, wọ́n á pe ẹni tí kò purọ́ rí ní òpùrọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bí mo ṣe ń tẹ èyí, bàbá mi ń pè mí láti pálọ̀, pé kí n wá fi ibi tí ohùn náà wà han àwọn, kí àwọn má baà máa wá a kiri lọ́jọ́ Sunday. Mo ti dáhùn pé mò ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́... kí ni kí n débẹ̀ sọ?