Ọwọ́ Òsì Tí Mo Nà

Joleen, ìwọ tó máa ń dúró lápá òsì mi,

Ṣé orúnkún rẹ ti ń san ní Omaha? Èmi wà dáadáa ní Atlanta níbí. Ife ẹ̀yẹ tẹ́níìsì tí àwa méjèèjì jọ gbà wà lórí fìríìjì mi. Iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tẹ́níìsì tí mo ń ṣe lórí rédíò ti mọ́ mi lára.

Jẹ́ n pa ọ́ lẹ́rìn-ín. O rántí pé bá a jẹ, bá a pàdánù, a máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan tara wa lẹ́yìn gbogbo bọ́ọ̀lù. Lóṣù tó kọjá, bí mo ṣe ń sọ bí ìdíje kan ṣe ń lọ, ọmọ kan gbá bọ́ọ̀lù sínú nẹ́ẹ̀tì, ni mo bá na ọwọ́ òsì bíi pé o wà níbẹ̀. Dwight tá a jọ ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò gbé ife kọfí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Marlys, kọfí lò ń wá? Ṣebí ò bá ti wí."

Wọ́n ti gbé Dwight lọ sí etí pápá báyìí, èmi nìkan ló kù nínú yàrá tá a ti ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀, ọwọ́ òsì mi ò tíì gbọ́ pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ. Tó o bá gbóhùn mi lórí rédíò lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹnì kan sì pàdánù bọ́ọ̀lù, jọ̀wọ́ na ọwọ́ ọ̀tún rẹ. Tèmi á ti wà níta.

Marlys