Ehoro Méjì Tí Kò Jẹ́ Kí N Bá Ọkọ Mi Gbé

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí o bá wà lórí ìdúró, wá àga jókòó. Bí oúnjẹ bá wà lẹ́nu rẹ, gbé e mì ná. Mo ti lọ́kọ. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lónìí tí mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu bí omi gbígbóná, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú dànù, gbogbo ìgbà tí o bá sì pè mí tí o ní kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé, màá ní kò sí nǹkan kan, òjò rọ̀, ehoro rẹ ń kí ọ. Irọ́ ni. Èmi ìyá rẹ, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tí mo nà ọ́ nítorí irọ́ nígbà tí o wà ní kékeré, mo ti pa irọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ju èyí tí o pa títí o fi dàgbà lọ. Mo tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n mo ti lọ́kọ!

Ó yá, jẹ́ kí n wá kí ọ bó ṣe yẹ, kí o má baà ní ìdùnnú ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ mi. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì ń lọ déédéé, ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń jágbe yẹn ti ń sinmi díẹ̀? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ dé ibi tí orí rẹ kò ní bá ọ dé. Ara tèmi le, ó tiẹ̀ ń le jù, àná ni mo ká ara mi mọ́ ibi tí mo ti ń fò sókè nínú ilé ìdáná bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà tuntun fún, orúnkún tí mo ní kí o bá mi wá oògùn rẹ̀ ni mo sì fi ń fò o.

Bàbá Aláago ni ọkọ náà, ẹni tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Aago ara ògiri wa kú ní ọdún tó kọjá, mo gbé e lọ, ó tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún kú. Èmi ni mo ń yọ bátìrì rẹ̀, kí n má purọ́ mọ́. Ìgbà kẹfà tí mo gbé e dé, ó wo aago, ó wò mí, ó ní òun ti wá rí àrùn tó ń ṣe é, pé aago náà fẹ́ràn àtimáa ṣeré jáde ni. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó lé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kọ́ọ̀tù la ti ṣe é, lọ́jọ́rú kan báyìí, akọ̀wé kan àti ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló ṣe ẹlẹ́rìí. Mo mọ̀ pé “wọ́n” ló yẹ kí n máa pè é bí mo bá ń kọ̀wé sí ọmọ, ṣùgbọ́n ìdùnnú kò jẹ́ kí n ní sùúrù. Ìwọ ni kí o pè wọ́n bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ bá ríra.

O máa ní kí ló dé tí mi ò sọ. Ẹ̀rù rẹ ló bà mí. O jọ bàbá rẹ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bí nǹkan kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn o kì í jà, o kàn máa ń dákẹ́ ni, mo sì lè fara da ariwo, mi ò lè fara da ìdákẹ́jẹ́ rẹ. Mo wá ní kí n kọ́kọ́ kó délé ọkọ, kí n fìdí jókòó dáadáa, kí n tó la ẹnu. Mi ò mọ̀ pé ehoro ni kò ní jẹ́ kí n débẹ̀.

Ṣé o rántí Sìsí, ehoro funfun tí o fi sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí o ń lọ kí n má baà dá nìkan gbélé? Bàbá Aláago náà ní tirẹ̀, akọ dúdú kan tó sanra, Ọ̀gá Àgbà ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bó bá wọ yàrá, á kọ́kọ́ yí i ká, á wo abẹ́ àga, á wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, bí ẹni tí ìjọba rán wá yẹ ilé wò. Ìyàwó Bàbá Aláago tó ti dolóògbé ló tọ́ ọ, nítorí náà kò lè fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, èmi náà kò sì lè fi Sìsí rẹ ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Lọ́jọ́ tí a ti kọ́ọ̀tù dé, èmi ọlọgbọ́n ni mo ní kí a kó àwọn méjèèjì sínú àgò kan náà. Mo ní àwa la fọwọ́ síwèé, ọ̀rọ̀ ti parí, ṣé ehoro ló wá kù tí yóò kọ̀? Kí n tó pajú dé, irun ti ń fò bí òwú. Sìsí tí kò lè pa eṣinṣin gé Ọ̀gá Àgbà jẹ létí, Bàbá Aláago nawọ́ láti là wọ́n, Ọ̀gá Àgbà bá gé ọkọ mi jẹ ní àtàǹpàkò, àtàǹpàkò tó fi ń di nǹkan wẹ́wẹ́ inú aago mú. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi lè ṣiṣẹ́. Alápatà àdúgbò wa ní ọ̀rọ̀ náà kò le rárá, pé òun lè parí ìjà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀bẹ òun mú. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Lálẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó mi, ilé mi ni mo sùn sí, ilé tirẹ̀ ló sùn sí, oníkálukú pẹ̀lú ehoro tirẹ̀.

A gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo sì kọ ọ́ dáadáa, ìwọ náà mọ̀ pé ìwé mẹ́wàá tí mo kà kò lọ lásán. Wọ́n ní ọjọ́ orí ńkọ́, mo kọ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Wọ́n ní kílò mélòó, mo kọ méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n ní ṣé ó máa ń gé ènìyàn jẹ, mo kọ pé rárá, ẹnu lásán ni. Wọ́n ní ṣé wọ́n ti tẹ akọ lọ́dàá, mo ronú títí, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìbéèrè yìí kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Dókítà náà, ọmọdébìnrin kan báyìí, kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó ní Màmá, ehoro tó wúwo tó báyìí, àwọn kò rí irú rẹ̀ rí. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Láti ìgbà tí mo ti ń kọ fọ́ọ̀mù láyé mi, èmi ni wọ́n máa ń béèrè. Bàbá Aláago ní wọ́n ti tẹ Ọ̀gá Àgbà lọ́dàá tipẹ́, ó wúkọ́, ó sì wo òkè àjà títí a fi kúrò lórí ọ̀rọ̀ náà.

Dókítà ní kí a má kánjú, kí a jẹ́ kí wọ́n mọ òórùn ara wọn díẹ̀díẹ̀. Mo ní bí òórùn bá lè ṣe é, ohùn á ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbé fóònù tí o rà fún mi síwájú Sìsí, mo tẹ ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo fi í síbẹ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán kí n lè gbé e lọ fún Ọ̀gá Àgbà gbọ́. Mo gbàgbé pé ehoro kì í sọ̀rọ̀. Wákàtí márùn-ún ìdákẹ́jẹ́ ni mo gbà sílẹ̀. Fóònù wá kọ ọ́ sójú pé òun ti kún. Mo ní háà, ó ti jẹun jù. Mo yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná, mo fi ebi pa á fún ọjọ́ mẹ́rin kí inú rẹ̀ lè fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí o fi ń pè tí mi ò gbé e, kì í ṣe pé mo ń ṣàìsàn bí o ti sọ fún àbúrò rẹ.

Ohun tí dókítà ní kí a ṣe gan-an ni pé kí a gbé àgò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí àyè díẹ̀ wà láàárín tí eyín kò fi ní kan imú, kí a máa pààrọ̀ koríko tí wọ́n ń sùn lé lójoojúmọ́, kí wọ́n sì máa wo ara wọn jẹun. Bí Ọ̀gá Àgbà ṣe kó wá sílé wa nìyẹn. Rò ó wò ná: ehoro ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ mi, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ń wá kí i nírọ̀lẹ́, á jẹun, á dágbére, á lọ sílé rẹ̀. Aránṣọ tó wà níwájú ilé wa bi mí pé Ìyàwó, nínú àwọn méjèèjì, èwo gan-an lẹ fẹ́? Mo ní kó máa rán aṣọ rẹ̀. Nígbà tó yá, èmi náà ní bí pípààrọ̀ ibùsùn bá dára fún ẹranko, kò lè burú fún ènìyàn, mo bá gba ìrọ̀rí Bàbá Aláago, mo fún un ní tèmi. Tirẹ̀ ń ta sánsán epo aago, mo sùn bí òkúta. Òun ní òórùn oògùn orúnkún tó wà lára tèmi mú kí òun sín títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣùgbọ́n pé inú òun dùn bí òun ti ń sín.

O lè ní kí ló dé tí òun náà kò kúkú dúró. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó fẹ́ jókòó lórí àga bàbá rẹ tó wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹnu mi kàn sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú èkejì, kí n tó mọ̀ pé mo sọ̀rọ̀. Kò bínú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ìdúró ló máa ń wà nílé wa bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Èmi náà lọ sílé tirẹ̀, mo nawọ́ mú ìkòkò kan, ó rọra gbà á lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní òmíràn. Mi ò béèrè ẹni tó ni í. Èmi yìí kan náà ni mo sì ń bá ehoro wí láràárọ̀ pé ìgbéraga rẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣé òun nìkan ló nilé ni!

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, dókítà ní ó tó kí wọ́n fojú kojú, ṣùgbọ́n níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé rí, nítorí pé ẹni tó bá ti ní ilé yóò fẹ́ jà fún un. Atẹ̀wé tó wà ní òpópónà kejì ní yàrá méjì àti ilé ìdáná kan tó ṣófo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó yá wa ní kọ́kọ́rọ́ fún ọ̀sán kan. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì àti kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan lára ògiri. Mo wọ ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń gbé ìkòkò gbígbóná, ọkọ mi di aṣọ mẹ́ta mọ́ àtàǹpàkò, a ṣí àgò, a jókòó sílẹ̀.

Sìsí lọ sí igun kan. Ọ̀gá Àgbà yẹ yàrá wò tán, ó lọ sí igun kejì, ó kọ̀yìn sí i. A wà bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan, ìdí mi ti kú. Nígbà tó yá, wọ́n sún mọ́ra, Ọ̀gá Àgbà dorí kodò níwájú Sìsí. Mo ní ẹ wò ó, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá Aláago ní rárá o, dókítà ní ehoro tó bá dorí kodò ń ní kí ẹnìkejì wá lá òun lórí ni. Sìsí náà bá dorí kodò. Wọ́n wà níbẹ̀, imú kan imú, oníkálukú ń retí kí ẹnìkejì kọ́kọ́ ṣe é. Mo wò wọ́n, mo wo ọkọ mi, ọkọ mi wò mí, ojú tì wá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ti ń retí kí ó ní kí n máa bọ̀, òun náà ń retí kí n ní kó dúró. Mo bá sọ ọ́ wàrà kí n má baà tún gbé e mì, mo ní yàrá yìí ní ìmọ́lẹ̀ tó dára fún iṣẹ́ aago. Ó na ọrùn wo ilé ìdáná, ó ní òun ti rí i pé fèrèsé méjì ló wà níbẹ̀. Ibi tí a ti ń wo fèrèsé ni a wà tí Sìsí fi bẹ̀rẹ̀ sí í lá Ọ̀gá Àgbà níwájú orí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń nu àwo. Mo sunkún. Mo fi ìbọ̀wọ́ nu ojú, ata wà lára rẹ̀, ẹkún náà kò wá tán bọ̀rọ̀.

A ti gba yàrá náà, ọjọ́ Ajé la kó wọ ibẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ilé wa kò lọ sí ibì kan. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà fún ìwọ àti àbúrò rẹ, àga bàbá rẹ wà lẹ́bàá fèrèsé, mo nù ún kí n tó jáde, ìwọ ni yóò sọ ẹni tó máa jókòó sí i.

Ẹ̀yin ọmọ ló wá kù. Bàbá Aláago ní mẹ́ta. Nígbà tó sọ fún àgbà wọn, obìnrin bíi tìrẹ, ọ̀rọ̀ méjì péré ló fi ohùn sọ ránṣẹ́ sórí fóònù: ó dáa. Mo ti gbọ́ ọ nígbà mọ́kànlá, mi ò tíì mọ̀ bóyá ó dáa lóòótọ́. Òun náà jẹ́ ẹni tó ń dákẹ́. Mo bẹ̀ ọ́, bí o bá rí i tó dúró lápá kan, má ṣe lọ dúró lápá kejì. Ìwọ kọ́kọ́ kí i, bí inú rẹ kò tilẹ̀ tíì dùn sí mi. Bí ẹ bá máa bínú, èmi ni kí ẹ jọ bínú sí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún nẹ́ẹ̀tì onírin tí a ó fi dí abẹ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, Ọ̀gá Àgbà ti wọ ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé, ó sì ti jẹ ogójì ìwé ìpè ìgbéyàwó ẹlòmíràn. Má fi í sí báńkì o. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ nọ́ńbà àṣírí káàdì mi, mo sì pa á mọ́ débi pé èmi náà kò mọ̀ ọ́n mọ́. Fún àbúrò rẹ kó mú un bọ̀.

Ayọ̀ tó bá mi lọ́jọ́ alẹ́ yìí, kò ní pẹ́ kó tó bá ọ. Inú rẹ yóò dùn, ilé rẹ yóò kún, ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ yóò jókòó tì ọ́. Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó tuntun.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà, aago mọ́kànlá àárọ̀: ìwọ, àbúrò rẹ, àti àwọn ọmọ Bàbá Aláago mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí gbogbo yín pátá wá pàdé nílé wa tuntun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé, níbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú yín kò tíì dé rí.