Ìdí Tí Ilẹ̀kùn Omi Ìsàlẹ̀ Fi Wà Ní Títì

Èmi, àkọ́bí àgbẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ipa omi mẹ́ta wọ inú oko yìí, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Olóríkunkun, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. N kò mọ̀wé kà, n kò sì mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n orí mi pé, etí mi ń gbọ́, ojú mi sì ń ríran dé òkè odò. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wá jókòó tì mí, ká jọ ka ebè àlùbọ́sà láti ẹnu ọ̀nà yìí, ká wo ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣì í kà. Akọ̀wé lọ́yà ló ń tẹ ohun tí mò ń wí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fo ọ̀rọ̀ kankan, títí kan èyí tó ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ìwé ìhágún yìí ni mo fọwọ́ sí. Gbogbo èyí tí mo ti sọ ṣáájú rẹ̀, mo ti pa á rẹ́, pàápàá jù lọ èyí tí mo fi ìbínú sọ ní gbangba ìta, pé àbúrò mi kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mi mọ́, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ń sin mí. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mò ń fẹ́ kí n tó lọ: kí àbúrò mi yìí gba ìpín tí mo kọ sí abala kẹrin lọ́wọ́ mi, kó sì gbà á nígbà tí ojú mi ṣì là.

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin kan ṣáájú. Lábẹ́ ìpín kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ìdí rẹ̀. Lọ́yà sọ pé ilé ẹjọ́ kò nílò ìtàn. Ó tilẹ̀ kọ ọ̀kan fún mi tí kò ní ìtàn nínú, ojú ìwé kan péré, ó mọ́ tónítóní bí àwo tí ajá lá. Nígbà tí akọ̀wé kà á fún mi, n kò mọ̀ bóyá èmi ni mo ni ín tàbí ará òdìkejì ọ̀nà. Mo ní kó fà á ya. Ohun tí mo fi sílẹ̀ àti ìdí tí mo fi fi í sílẹ̀, ara kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá gé ìdí kúrò, kó má mú ìpín.

ABALA KÌÍNÍ: ILÉ. Ilé yìí di ti àwọn ọmọ mi méjèèjì. Ọkùnrin ni kó mú iyàrá tó kọjú sí títì, nítorí mẹkáníìkì ni, àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í sì í mọ ìgbà tí wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Obìnrin ni kó mú iyàrá ẹ̀yìn, kò sì gbọdọ̀ dí fèrèsé rẹ̀.

Ìdí rẹ̀. Ìyá wọn ló ní kí n lu fèrèsé sí ògiri yẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi sọ pé rárá. Mo ní ògiri kì í ṣe aṣọ tí èèyàn ń gé. Nígbà tó yá, mo lù ú, ká lè sinmi. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti oko dé, omi ìwẹ̀ mi á ti gbóná. Mo rò pé obìnrin náà ní àṣírí kan tó fi ń mọ ìgbà tí mò ń bọ̀, mo sì ń fi í yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi. Lẹ́yìn tó kú ni mo tó jókòó sórí àga rẹ̀ tí mo wo ìta. Ìrìn mi láti ẹnu odò dé ilé, ó hàn kedere. Fèrèsé ni àṣírí náà.

ABALA KEJÌ: KẸ́TẸ́KẸ́TẸ́. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ di ti ọmọ mi ọkùnrin, nítorí àwọn méjèèjì ni olórí kunkun tó kù lẹ́yìn mi. Kó má kọ́kọ́ gbé ẹrù sí i lápá òsì. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tó ṣì kéré, àpò iyanrìn kan já bọ́ lù ú lápá ibẹ̀, kò sì tíì dárí jì wá. Ọmọ mi máa ń ṣàwàdà pé ọkọ̀ sàn ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ, nítorí ọkọ̀ ní ìwé ìtọ́nisọ́nà. Ó dáa, tòun náà nìyí.

ABALA KẸTA: KỌ̀ǸPÚTÀ OMI ÀTI ÌWÉ RẸ̀. Ẹ fara balẹ̀ níbí, nítorí inú mi máa ń dùn débi pé mo máa ń sáré sọ ọ́.

Ọmọ mi obìnrin ló ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun nìyẹn. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ṣí ilẹ̀kùn omi tó wà lẹ́nu ipa omi kọ̀ọ̀kan, kí orúnkún mi lè sinmi. Mo ní n kò ní í fa omi mi lé ohun tí kò lè sọ ìdí ohun tó ń ṣe fún mi lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin náà kì í sọ ìdí.” Ó lọ. Nígbà tó padà, ìwé ló gbé dání.

Ó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun máa ń kọ àṣẹ síbì kan, wọ́n á kọ àlàyé síbòmíràn, bí wọ́n bá tilẹ̀ kọ ọ́. Kò ní í pẹ́, àṣẹ á ti yí padà, àlàyé á ṣì dúró sójú kan bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí èèyàn fi ń kọ méjèèjì sínú ìwé kan ṣoṣo. O ó kọ́kọ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lédè èèyàn: ìdí tí omi fi gbọ́dọ̀ ṣí. Lábẹ́ rẹ̀ gan-an, o ó kọ àṣẹ lédè kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ ṣiṣẹ́, irinṣẹ́ kan á ṣa gbogbo àṣẹ jáde, á tò wọ́n bí ẹ̀rọ ṣe fẹ́ wọn. Bí èèyàn bá fẹ́ kà, irinṣẹ́ kejì á tẹ gbogbo rẹ̀ jáde bí ìwé. Kò sì pọn dandan kí a kọ ọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń tò ó. Ebè àlùbọ́sà ló fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ lèmi náà máa ń gbà bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀. Ó yé mi wàràwàrà. Kápẹ́ńtà náà máa ń gé pákó bó ṣe bá ọwọ́ rẹ̀ mu, á fi àmì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tó bá fẹ́ kan àga ni á tó mọ èyí tó wọ inú èyí.

Láràárọ̀ ló ń ka ìwé náà fún mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀rọ, lórí garawa tó dojú dé. Nígbà tó kan ojú ìwé kẹsàn-án, ó kà pé ilẹ̀ oníyanrìn ni ipa omi kejì ń bomi rin, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí omi máa wọ̀ ọ́. Ó ka àṣẹ abẹ́ rẹ̀: ṣí i fún ogójì ìṣẹ́jú láìdúró. Mo ní kó dúró níbẹ̀. Mo ní ogójì ìṣẹ́jú láìdúró kì í ṣe díẹ̀díẹ̀, ọmọ mi, ìyẹn á kó àlùbọ́sà lọ. Ó wo ìwé, ó wò mí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mẹrin ló fẹ́ kọ. Ó dìde, ó dì mọ́ mi, garawa sì yí lọ. Èmi tí n kò lè dá orúkọ mi mọ̀ lára àpò, mo rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kìkì nítorí pé wọ́n kọ ìdí tì í. Mo rìn yí oko po lẹ́ẹ̀mejì láìmú ọ̀pá. Mo sọ fún télọ̀ òdìkejì ọ̀nà, mo sọ fún nọ́ọ̀sì àdúgbò wa tó ti fẹ̀yìn tì, mo sọ fún kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ọmọ mi ọkùnrin ní ẹ̀rọ kì í ka ìtàn. Ó ṣàdàkọ àṣẹ nìkan, ó lọ fi sí oko ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí lójú òjò, wọ́n ránṣẹ́ pè é, ó dúró tì í, ó ń wò ó bí ẹni ń wo fọ́tò ẹni tí kò mọ̀. Ìwé arábìnrin rẹ̀ ló wá yá. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá fi ṣe é, ó mọ níwọ̀n.

Nítorí náà, kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ afàmi àti ìwé náà di ti ọmọ mi obìnrin. Kó tẹ ẹ̀dà kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó bá yí àṣẹ padà gbọ́dọ̀ tún ìdí tó wà lórí rẹ̀ kọ lọ́jọ́ náà. Bí kò bá mọ ìdí, kó má fọwọ́ kàn án, kó lọ béèrè.

ABALA KẸRIN: ILẸ̀KÙN OMI ÌSÀLẸ̀ ÀTI ILẸ̀ TÓ Ń BOMI RIN. Gbogbo ilẹ̀ ìsàlẹ̀ di ti àbúrò mi, oníbúlọ́ọ̀kù, pẹ̀lú ilẹ̀kùn omi rẹ̀, ní ṣíṣí.

Ìdí rẹ̀. Nígbà tí bàbá wa ń kú lọ, ní ogójì ọdún sẹ́yìn, ó pe àwa méjèèjì, ó ní ká má ṣí ilẹ̀kùn omi ìsàlẹ̀. Kò sọ ìdí. Ó kú lọ́jọ́ kẹta. Àbúrò mi ló ń ro ilẹ̀ ìsàlẹ̀, garawa ló sì fi ń pọn omi sí i fún ogún ọdún ó lé ọ̀kan. Ní ọdún ọ̀dá, ó ṣí ilẹ̀kùn náà. Mo tì í, mo fi àgádágodo sí i, mo sì ju kọ́kọ́rọ́ sódò lójú ìyàwó rẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lóko. Ó pé ọdún mọ́kàndínlógún báyìí. Bí a bá pàdé lójú títì, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ so okùn bàtà. Bàtà náà kò ní okùn.

Nígbà tí ọmọ mi dé ojú ìwé ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ó bi mí ní ìdí tí a kì í fi í ṣí i. Mo ní bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ìyẹn ẹni tó sọ ọ́ nìyẹn, Bàbá, kì í ṣe ìdí.” Ó fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. Ìwé tí n kò lè kà, àyè òfìfo yẹn nìkan ni ojú mi rí níbẹ̀, kò sì jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi. Mo mú ọ̀pá mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá mọ bàbá mi.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ló rántí. Ó ní lọ́dún tí bàbá mi kú, ẹsẹ̀ afárá tí omi ìsàlẹ̀ ń gbà lábẹ́ rẹ̀ ti sán, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń gba orí rẹ̀ kọjá, títí kan àwọn ọmọ nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn omi kí omi má bàa jẹ ẹsẹ̀ afárá náà títí àwọn bíríkìlà yóò fi dé. Wọ́n dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Wọ́n tún un ṣe. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gba orí rẹ̀ báyìí. Èmi náà ń gba orí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Àṣẹ ẹ̀ẹ̀rùn kan péré ni bàbá wa pa. Èémí ló tán kó tó kan ìdí. Àbúrò mi jàre, mo jẹ̀bi. Mo ti fi ayùn irin ọmọ mi ọkùnrin gé àgádágodo náà.

ABALA KARÙN-ÚN: ÀWỌN TÍ YÓÒ MÚ ÌHÁGÚN YÌÍ ṢẸ. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ni, ní ìfìmọ̀ṣọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ bá takókó, kí wọ́n ka ìdí sókè kí wọ́n tó jà.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo fẹ́ kí àbúrò mi kọ́kọ́ tẹ ìka ṣáájú àwọn ẹlẹ́rìí yòókù. Mo rán ọmọ mi obìnrin lọ pè é. Ó dé láàárọ̀ yìí, eruku sìmẹ́ǹtì wà lórí rẹ̀, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò wò mí. Akọ̀wé ka abala kẹrin fún un. Ó ní kí wọ́n tún ibi afárá kà. Wọ́n tún un kà. Ó ní kí wọ́n tún un kà. Akọ̀wé wá gbé yíǹkì síwájú rẹ̀, lọ́yà sì sọ fún un pé òfin kò gbà kí ẹlẹ́rìí jogún: bó bá tẹ ìka, kò ní ilẹ̀. Èmi kò mọ òfin yẹn tẹ́lẹ̀.

Àbúrò mi fi ìka kan ti yíǹkì náà sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Ilẹ̀ mi ni mo fẹ́.” Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ yẹn nìkan lẹ jù sódò, àbí a ó tún máa wá òmíràn?”

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí lẹ́yìn mi, bí ẹ bá wá ìka àbúrò mi láàárín àwọn ẹlẹ́rìí tí ẹ kò rí i, ẹ má ṣe sọ pé ìjà kò parí. Ìdí rẹ̀ nìyí: ó gba ilẹ̀ rẹ̀.

Mo tẹ àtàǹpàkò mi ọ̀tún síbí, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọdún tí a ṣí ilẹ̀kùn omi ìsàlẹ̀.

Àtàǹpàkò Olóríkunkun, àkọ́bí àgbẹ̀ tó gbẹ́ ipa omi mẹ́ta.

Ẹlẹ́rìí kìíní: nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó rántí afárá. Ó fọwọ́ sí i.

Ẹlẹ́rìí kejì: télọ̀ òdìkejì ọ̀nà, ẹni tí a pè láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀ nítorí pé àbúrò mi kọ̀. Ó fọwọ́ sí i.